Ìlà Funfun Lójú Òkú

Ìgbà mẹ́wàá ni kọ̀ǹpútà yàrá ìwé Ilé Ìwòsàn Olúwagbèmí kú láàárín oṣù méjì ààbọ̀. Ní ìgbà mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, wọ́n pa á, wọ́n tún tàn án, ó jí. Ní ìgbà kẹwàá náà ó jí, ṣùgbọ́n kó tó jí, obìnrin kan ti kú ní yàrá ìgbẹ̀bí.

Ṣàmsíátù ni orúkọ obìnrin náà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gbé e dé, gìrì ti mú un, kò lè sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì sáré lọ sí yàrá ìwé láti mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà. Ojú kọ̀ǹpútà ti di búlúù, àwọn lẹ́tà funfun kan tí kò yé ẹnikẹ́ni ló kù síbẹ̀. Wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí wọn ò lè dúró mọ́, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà wá dìde, ìkìlọ̀ wà lórí fáìlì rẹ̀ ní lẹ́tà pupa pé abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ni wọn ò gbọdọ̀ fún un. Wọ́n rí ọmọ gbà là. Ìyá ti lọ.

Lọ́jọ́ kejì, a mú Pius.

Èmi ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn afurasí sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá wa nígbà náà. Ibi tí mo wà báyìí jìnnà, òtútù ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbà pé oòrùn wà rárá. Ṣùgbọ́n tí mo bá di ojú, mo ṣì ń rántí ooru Lọ́kọ́ja, èyí tí àpáta Mount Patti máa ń kó jọ láti àárọ̀, tí á wá dà á lé wa lórí lọ́sàn-án bí omi gbígbóná. Nínú ooru yẹn ni Pius wà, nínú sẹ́ẹ̀lì tí fèrèsé rẹ̀ ò tó ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé.

Ọmọ Ìdá ni Pius, kì í ṣe Yorùbá, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní àdúgbò Crusher. Òun ló yọ ètò àtijọ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà kúrò ní ìparí oṣù kìn-ín-ní, tó fi tuntun sí i. Látìgbà yẹn ni ẹ̀rọ náà ti ń kú. Ọ̀gbẹ́ni Christopher Oyèkànmí, alákòóso ilé ìwòsàn, ló gbé fóònù rẹ̀ wá fún wa lọ́jọ́ kejì ikú obìnrin náà. Ọ̀rọ̀ tí Pius fi ránṣẹ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú wà lórí rẹ̀: “Ẹ pè mí kí n wá wò ó. Ẹ má sọ pé mi ò wí, èmi nìkan ni mo mọ ohun tí yóò pa ẹ̀rọ yẹn.” Ọ̀gá wa, DPO, kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹni tó bá sọ èyí ti jẹ́wọ́ tán. Wọn yóò gbé Pius lọ sílé ẹjọ́ lọ́jọ́ Ajé tí ilé ẹjọ́ bá ti ìsinmi Àjíǹde dé, pẹ̀lú ẹ̀sùn ìpànìyàn.

Àjíǹde kọjá, Pius ṣì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, Inspẹ́kítọ̀ Fadékẹ́ Òkunọlá ti ìsinmi dé, ó ka fáìlì náà, ó sì lọ bá DPO pé kó jẹ́ kí òun wò ó.

“Kí lo fẹ́ wò níbẹ̀?” ni DPO wí.

“Ẹni tó fẹ́ ba ẹ̀rọ jẹ́, sà, kì í bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun wá tún un ṣe.”

DPO fún un di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́rú la wà yẹn.

*

Fadékẹ́ kì í jókòó bó bá ń bi ènìyàn ní ìbéèrè. Á bọ́ bàtà, á fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí sìmẹ́ńtì, á fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tó kàn wá gba atẹ́gùn. Bó ṣe dúró níwájú Pius nìyẹn. Pius ti gbẹ. Ó ní òun ò sùn láti ọjọ́ kẹta.

Ó ṣàlàyé fún wa pé kọ̀ǹpútà yẹn ò ní àrùn kankan. Ó ní ètò tuntun dà bí ọ̀gá tuntun tó dé ọ́fíìsì, tó ń yẹ ìwé gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá níbẹ̀ wò. Èyí tó bá mọ̀, á gbà á. Ṣùgbọ́n tí ohun èlò àtijọ́ kan bá ń fi èdè ayé àtijọ́ pàṣẹ fún un, tí kò sì yé e, gbogbo rẹ̀ á dákú pátápátá kí ìsọfúnni inú rẹ̀ má bàa bàjẹ́.

“Nǹkan kan ni wọ́n ń so mọ́ ọn, Madam. Wọ́n ń fi ipá fún un ní ohun tí kò lè gbé mì.”

“Bíi kí ni?”

“Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tó wà níbẹ̀. Mo dán gbogbo nǹkan yòókù wò, òun nìkan ni kò bá a mu. Mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí pé kó gbé e jù nù, ó ní òun ti gbọ́.”

“Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó o sọ ọ́?”

“Deborah, ọmọbìnrin yàrá ìwé.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. “Ọ̀gá ẹ̀ ni ọkùnrin yẹn o. You think say she go talk?”

Bí a ṣe jáde, ọkùnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú káńtà. Ọkọ Ṣàmsíátù ni, àwọn ọmọ iṣẹ́ wa ń pè é ní Alhaji. Àràárọ̀ ló ń wá. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Á ní òun kàn fẹ́ rí ojú ẹni tó pa ìyàwó òun, a ò sì jẹ́ kó rí i, á jókòó títí di ọ̀sán, á lọ.

*

Ní Ọjọ́bọ̀ a lọ sí ilé ìwòsàn náà ní Lokongoma. Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ti fá orí, ó wọ aṣọ dúdú, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó bi Fadékẹ́ pé ọmọ ibo ni, nígbà tó gbọ́ pé Kàbà ni, ojú rẹ̀ tàn, ó kí i ní kíkí ilé wọn, “Òkun o,” ó ní ọmọ Mọ̀pà ni òun, ilé kan náà ni àwọn méjèèjì.

Fadékẹ́ béèrè kọ̀ǹpútà. Oyèkànmí ní òun ti pe ẹlòmíràn lọ́jọ́ kejì ikú náà kó nu inú rẹ̀ mọ́, kí aláìsàn mìíràn má bàa kú. Ohunkóhun tí ẹ̀rọ náà kọ pamọ́ nípa ohun tó ń gbé e ṣubú ti bá a lọ. Fadékẹ́ béèrè ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Oyèkànmí ṣí fáìlì, ó yọ ìwé kan tó buwọ́ lù ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì: wọ́n ti gbé e jù nù. A wọ yàrá ìwé, a wo abẹ́ tábìlì, a wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sí i níbẹ̀.

“Ṣé ẹ rí i?” ni Oyèkànmí wí fún mi, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Àwọn ọmọ yìí máa ń wá ohun tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù.”

Ó fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú Deborah. Kò sí iná, fáànù ti dúró, yàrá náà sì ń hó. Ọmọbìnrin náà gbé ìwé ètò ìsìnkú àtijọ́ kan, ó ń fi fẹ́ ara rẹ̀, kò sì wo ojú wa. Ìbéèrè tí Fadékẹ́ bá bi í, gbólóhùn kan ló ń fi dáhùn. Ṣùgbọ́n ó ní ìwé ńlá kan tó ń kọ ọjọ́ àti àkókò tí kọ̀ǹpútà bá kú sí, torí pé ọ̀gá àwọn dókítà máa ń béèrè ìdí tí fáìlì fi pẹ́. Fadékẹ́ gba ìwé náà, ó tún na ọwọ́ gba ìwé ìsìnkú lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi fẹ́ òógùn ojú ara rẹ̀, ó sì ń kà bó ṣe ń fẹ́.

Mẹ́sàn-án nínú ìgbà mẹ́wàá yẹn, Ọjọ́bọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kẹwàá nìkan ló bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Inú mi dùn, mo rò pé a ti rí i. A pe ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀, ó ní òótọ́ ni, Ọjọ́bọ̀ lòun máa ń pa á fún àtúnṣe, iná a sì máa lọ. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí Fadékẹ́ bi í pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ńkọ́. Ó ní iná ìjọba wà látàárọ̀, jẹnẹrétọ̀ ò ṣiṣẹ́ rárá. Nọ́ọ̀sì àgbà ní Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ìyá máa ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, pé wọ́n á pọ̀, fáìlì ogójì á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Fadékẹ́ ní ṣé wọ́n wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni. Rárá. Ó tún fi ìka sí ìwé náà, ó fi hàn mí pé Ọjọ́bọ̀ kan wà nínú oṣù kẹta tí kọ̀ǹpútà ò kú rárá, bẹ́ẹ̀ wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àwọn ìyá ọmọ sì kún ibẹ̀.

“Bàbá Táíwò,” ó wí fún mi bí a ṣe wọ ọkọ̀, “ohun tí à ń wá máa ń wá ní Ọjọ́bọ̀, ó ní ọ̀sẹ̀ tí kò wá, ó sì lè pa ọjọ́ dà. Ènìyàn ni. Ẹ̀rọ kì í pa ọjọ́ dà.”

Ìwé ìsìnkú Deborah ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbàgbé láti dá a padà.

*

Alhaji wà lórí bẹ́ǹṣì. Lọ́jọ́ yẹn ó ní nǹkan tó fẹ́ fi hàn wá. Ó ní gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, kò sí ẹni tó mọ bí ìyàwó òun ṣe rí. Ó yọ káàdì ilé ìwòsàn Ṣàmsíátù láti inú àpò, èyí tí wọ́n tẹ̀ fún un ní ọdún tó kọjá, àwòrán rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin ẹlẹ́yinjú ńlá ni, ó ń mú ẹ̀rín mọ́ra.

Fadékẹ́ wò ó pẹ́. Mo rò pé ojú obìnrin náà ló ń wò. Nígbà tó yá, ó gbé ìwé ìsìnkú tó fi ń fẹ́ ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì náà lórí káńtà.

Ìlà funfun kan wà lórí káàdì yẹn, tín-ínrín bí òwú, láti òkè dé ìsàlẹ̀ lápá òsì, ibi tí tàdáwà kò ti dé. Ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ṣàmsíátù kọjá. Ìlà kan náà wà lórí ìwé ìsìnkú, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá àgbàlagbà kan kọjá, ní ibì kan náà gẹ́lẹ́.

“Alhaji, níbo ni wọ́n ti tẹ káàdì yìí?”

“Níbẹ̀ náà. Níṣojú wa. Ẹ̀rọ ńlá kan báyìí tó ń pariwo.”

Ó yí ìwé ìsìnkú padà, ó wo ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá náà. Sátidé kan nínú oṣù kẹta ni. Ẹ̀rọ tí Oyèkànmí ní wọ́n ti gbé jù nù láti oṣù kejì ṣì ń tẹ̀wé nínú oṣù kẹta.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ ìlú wa. Àwọn òṣìṣẹ́ tó pọ̀ ní Lọ́kọ́ja, láti Yàgbà, láti Bùnú, láti Ìjùmú, ni wọ́n ti wá. Ọ̀sẹ̀ kan ò lè kọjá kí òkú má sùn nílé ẹnì kan. Ọjọ́ Ẹtì ni àìsùn, Sátidé ni ìsìnkú, nítorí náà Ọjọ́bọ̀ ni ìwé ètò ìsìnkú gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n lè gbé e dé ilé. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń tẹ àwọ̀ mèremère ní ọ́fíìsì, òun ni gbogbo wa máa ń bẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, kò sí ẹni tó ń ju ìwé náà nù, abẹ̀bẹ̀ ló ń dà ní ìlú tí ooru rẹ̀ tó báyẹn.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Fadékẹ́ rìn láti yàrá dé yàrá ní ilé ìwòsàn yẹn, ó ń tọrọ abẹ̀bẹ̀. Wọ́n rò pé ooru ló mú un. Nọ́ọ̀sì kan bá a ṣeré pé ọlọ́pàá ò gba rìbá mọ́, ó ti di abẹ̀bẹ̀. Nígbà tí yóò fi di aago mẹ́wàá, ó ní mẹ́sàn-án lọ́wọ́. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì Deborah, ó ṣí ìwé ńlá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìlà funfun wà lórí gbogbo wọn. Sátidé ìsìnkú kọ̀ọ̀kan sì tẹ̀ lé Ọjọ́bọ̀ kan tí kọ̀ǹpútà kú.

Deborah bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí Fadékẹ́ tó sọ nǹkan kan. Ó gbà pé òun lòun tẹ̀ wọ́n. Ó ní ẹ̀rọ náà máa ń tẹ ogún, ọgbọ̀n, kọ̀ǹpútà á ṣubú, wọ́n á tún gbé e dìde, wọ́n á máa bá a lọ. Ó ti mọ́ àwọn lára.

“Pius sọ níṣojú ẹ pé kí wọ́n gbé e jù nù.”

“Ó sọ ọ́, mà. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí mo máa wo ojú ẹni tí bàbá rẹ̀ kú kí n ní mi ò ní tẹ̀wé?”

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́?”

Ẹkún náà dá. Ó nu ojú. “Mi ò tẹ nǹkan kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ bi gbogbo wọn léèrè, mà. Kò sí ẹni tó sin òkú ní Sátidé yẹn.”

A bi wọ́n, òótọ́ ni. Mo wo Fadékẹ́, ojú rẹ̀ ti bọ́ sí ìta fèrèsé. Ó ń fi ìka kọ̀ọ̀kan ka ọjọ́ padà sẹ́yìn.

“Sátidé wo nìyẹn, Bàbá Táíwò?”

“Èyí tó ṣáájú Àjíǹde.”

“Ta ló ń sìnkú ní ọjọ́ tí Olúwa wà nínú ibojì? Àwọn ìjọ wa nílé kì í gbà á. Ẹtì Rere ńkọ́? Wọn kì í gbà á. Tí òkú ò bá lè dúró kọjá Àjíǹde, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa sin ín. Tí wọ́n bá sin ín ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ wo ni ìwé rẹ̀ máa jáde?”

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun,” ni mo wí. Deborah ti fi orí lé tábìlì.

Ó bi nọ́ọ̀sì àgbà pé ta ló gba àyè ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀gá nìkan ni, wọ́n lọ sin ìyá wọn ní Mọ̀pà ní Ọjọ́bọ̀. Mo ní kí a lọ mú un. Fadékẹ́ ní rárá, pé tí a bá lọ bí ọlọ́pàá, a ò ní rí bébà kankan nínú ilé yẹn.

“A máa lọ kí i kú ọ̀fọ̀,” ó wí.

*

Oyèkànmí ti lọ sílé jẹun ọ̀sán. Ilé rẹ̀ ò jìnnà, ní ẹ̀yìn Lokongoma níbẹ̀. Fadékẹ́ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí i bó ti yẹ kí ọmọdé kí àgbà, ó ní òun ò mọ̀ pé ìyá ti sùn nígbà tí a wá lánàá, kó má bínú. Oyèkànmí gbé e dìde. Ó fún wa lómi. Wọ́n sọ̀rọ̀ ìyá náà títí, bó ṣe kọ́ ọmọ mẹ́fà níwèé, bí ojú rẹ̀ ṣe fọ́ níkẹyìn. Kò sí irọ́ nínú ìbànújẹ́ ọkùnrin yẹn.

“Ìyá wa mà rí ayé o,” ni Fadékẹ́ wí. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní ìwé ètò wọn kan, kí n rí ojú wọn.”

Ta ni yóò kọ irú ìyẹn fún ẹni tó wá kí i? Ó dìde, ó mú un wá láti yàrá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Fadékẹ́ kò fi fẹ́ ara rẹ̀. Ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ìlà funfun náà sọ̀ kalẹ̀ láti gèlè ìyá àgbà, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, ó wọ inú orúkọ rẹ̀. Oyèkànmí rí ohun tó ń wò. Ó jókòó.

“Níbo lẹ gbé ẹ̀rọ náà sí, sà?”

Ó tọ́ka. Ó wà ní igun pálọ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó, ìkòkò òdòdó wà lórí rẹ̀.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Igba ìwé ló fẹ́, Deborah ti tẹ ọgọ́ta nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣubú, àkókò yẹn gan-an ni wọ́n gbé Ṣàmsíátù wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró lórí ọmọbìnrin náà tó ní kó yára. Lẹ́yìn tí obìnrin náà kú, ó rò ó pé tí òótọ́ bá jáde, òun ò ní sí níbi tí wọ́n ti máa sin ìyá òun. Ó ní ọjọ́ méjì péré lòun fẹ́. Àwọn ọjọ́ méjì yẹn kọjá, kò sì mọ bí òun ṣe máa padà sẹ́yìn.

Ó wá wo Fadékẹ́. Ó fi èdè ilé wọn sọ̀rọ̀, díẹ̀ ló yé mi nínú rẹ̀, mo gbọ́ pé ó pè é ní àbúrò, mo gbọ́ orúkọ Kàbà àti Mọ̀pà. Ìparí rẹ̀ nìkan ló fi Yorùbá gbogbo wa sọ: “Ọmọ Ìdá yẹn, ó ṣì kéré. Wọ́n á rí nǹkan ṣe fún un nílé ẹjọ́. Èmi ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ńkọ́?”

Fadékẹ́ wọ bàtà rẹ̀.

“Bàbá Táíwò, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.”

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn a gbé Pius lọ sí yàrá ìwé, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan. DPO fúnra rẹ̀ wá. Pius so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní kó máa tẹ̀. Ìwé ń jáde pẹ̀lú ariwo. Nígbà tí ó tó kejìlélógún, ojú kọ̀ǹpútà di búlúù.

DPO ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Pius ò dúpẹ́. Ó tẹ́ ọwọ́ sórí tábìlì, ó ń wo búlúù náà bí ẹni tí wọ́n ń fi nǹkan burúkú hàn fún ìgbà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ní tẹ́ṣàn, ó buwọ́ lùwé, ó gba ìgbànú àti fóònù rẹ̀. Alhaji dìde lórí bẹ́ǹṣì. Kò sí ẹni tó dí i lọ́nà mọ́, ó sì rí ojú tó ti ń wá láti rí. Ó béèrè lọ́wọ́ Fadékẹ́ pé kí ni kọ̀ǹpútà yẹn ń ṣe nígbà tí wọ́n gbé ìyàwó òun dé ibẹ̀.

“Ìwé ìsìnkú ni wọ́n fi ń tẹ̀, sà.”

“Ìsìnkú ta ni?”

“Ìyá ọ̀gá ibẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni.”

Ó mi orí. Ó ní Ṣàmsíátù ò tíì pé ọgbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Pius.

“Ojoojúmọ́ ni mo ń gégùn-ún fún ọ,” ó wí. “Lẹ́yìn ìrun, màá dárúkọ rẹ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kó irú rẹ̀ padà.”

Pius ń gbìyànjú láti di ìgbànú rẹ̀. Ó ti rù débi pé kò sí ihò tó lè mú un mọ́.

“Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, Alhaji,” ó wí níkẹyìn. “Ẹ lọ wo ọmọ.”

Ó fi ọwọ́ mú ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò rẹ̀ jáde sínú oòrùn. Alhaji jókòó padà sórí bẹ́ǹṣì, kò sì sí ẹni tó ní kó dìde.